Igi Tó Wọ Kóòtù Ọ̀gá Pátápátá

Ọlọ́run tó dá igi kò fún un ní ẹnu. Mo rò pé àánú àwọn ọ̀gá ló ṣe é. Bí igi bá lè sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí à ń kí ní "ẹ kú iṣẹ́ ìlú" ni ìbá ti ru ẹrù rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Igi tí mò ń sọ yìí, igi igbó ni. Kí wọ́n tó kọ́ ọ́fíìsì ìjọba síbẹ̀, igbó kìjikìji ni gbogbo agbègbè náà. Wọ́n gé igbó, wọ́n da kọnkéré, ó wá ku igi kan ṣoṣo níwájú ọ́fíìsì, nítorí pé ó ti rẹ ẹni tó ń gé igi lọ́jọ́ náà. Ìran ewúro ni igi yìí. Bí ẹ bá ja ewé rẹ̀ fi kan ahọ́n, ẹ ó mọ ẹbí tó ti wá kí ẹ tó tutọ́. Ṣùgbọ́n ewúro ẹ̀yìnkùlé kò ju ibi tí ọwọ́ èèyàn lè tó lọ, èyí sì ga ju òrùlé lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Ewúro.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Ewúro á yọ òdòdó wẹ́wẹ́ bo gbogbo orí, funfun báláú, oyin á sì máa yí i ká, wọ́n á máa kùn bí ẹni tó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí òdòdó náà bá gbó, á di irun fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú, èso kékeré kan á sì wà ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn á máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ní àsìkò yẹn, gbogbo àdúgbò á máa sín. Wọ́n á sín, wọ́n á nu imú, wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ó parí.

Abẹ́ igi yìí ni Ìyá Aránṣọ ti ń ṣiṣẹ́. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rán, pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kan, tábìlì kan, àti bẹ́ǹṣì kan tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Nínú yàrá rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri alájọgbé, kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ Ẹ̀gbọ́n Ewúro, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba àárín ewé sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í ta ojú, kì í sì í ṣókùnkùn. Ó máa ń sọ pé, "Ọlọ́run ló tan iná yìí fún mi, kò sì mú un lọ rí."

Nínú ọ́fíìsì ni ọkùnrin wa wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n pe oyè rẹ̀ tán: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Igi, Òdòdó, Koríko àti Gbogbo Ohun Tútù Tó Ń Hù Nígboro. Láràárọ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dé ẹnu ọ̀nà, Baba Géètì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kó pe oyè náà látòkèdélẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn. Bó bá gbàgbé Koríko, ọkọ̀ á padà sẹ́yìn dé oríta, á tún wá wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Baba Géètì sì máa ń gbàgbé Koríko. Ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn, agogo iṣẹ́ á ti lù tipẹ́, ọ̀gá á ṣì máa wọlé.

Àwọn aráàlú tó níṣẹ́ ṣe gé oyè náà kúrú. Ọ̀gá Pátápátá ni wọ́n ń pè é.

Kóòtù àrán pupa kan wà tí kì í bọ́ kúrò lára. Ó gùn débi pé ó ń gbálẹ̀ tẹ̀lé e. Oòrùn a máa sè é nínú kóòtù náà bí iṣu, ṣùgbọ́n bí òógùn bá ń ṣàn lójú rẹ̀, á ní, "Ògo ló ń ṣàn yẹn."

"Ó ń ṣàn púpọ̀ lónìí, sà," ni Igbákejì rẹ̀ á wí, á sì na áńkáṣíìfù sí i.

Igbákejì yìí, ọrùn rẹ̀ ti rọ̀ látàrí pé ó ń mi orí bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n ní nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè nílé pé ṣé ó jẹ ẹran inú ìkòkò, orí ló mì, kó tó rántí pé òun kọ́ ló jẹ ẹ́.

Àmọ́ ohun tó mú gbogbo ìtàn yìí wá ni imú Ọ̀gá Pátápátá.

Ó sín lọ́jọ́ kan níbi ìpàdé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní "ẹ pẹ̀lẹ́, sà," àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá gbé gègé sílẹ̀. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ewúrẹ́ ló sín ni?"

Wọ́n gbé gègé tiwọn náà sílẹ̀.

"Mo ní, ṣé ewúrẹ́ ló sín?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dáa. Láti òní lọ, bí mo bá sín, iṣẹ́ dúró. Igbákejì mi á kọ́kọ́ dìde, á ṣàdúrà fún mi. Akọ̀wé á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa bọ̀ ní ipò ní ipò títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí àdúrà á fi yí mi ká tán. Bí mo bá sì tún sín kó tó yí tán, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀mí yín á gùn ju kóòtù yín lọ, sà!" ni Igbákejì pariwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá ò tíì tún sín. Ó fẹ́ dán an wò ni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di òfin nìyẹn. Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin kan sáré dé lọ́jọ́ kan pé ẹ̀ka igi já lu òrùlé òun, òjò sì ń bọ̀. Ó ṣe kòńgẹ́ sísín. Ó dúró lójú ilẹ̀kùn, ó ń wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dìde, tó ń jókòó, tó ń ṣàmín, kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Òun náà ṣe àmín títí, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tí òdòdó Ẹ̀gbọ́n Ewúro tàn lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìròyìn dé pé Mínísítà ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ tí ọ́fíìsì náà ti ṣe. Ọ̀gá Pátápátá pe ìpàdé.

"Iṣẹ́ wo la ó fi hàn án?"

Igbákejì mi orí. Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín: láti ìgbà tí mo ti ń sọ ìtàn yìí, ṣé ẹ rí i tí wọ́n gbin nǹkan kan?

Ọ̀gá dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó rí igi náà. Ó ti ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ láti ọdún tó ti gbapò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀ kì í rí ọ̀nà.

"Kí nìyẹn?"

"Igi ni, sà," ni Akọ̀wé dáhùn.

"Mo mọ̀ pé igi ni! Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Akọ̀wé rò ó. "Ó dúró ni, sà."

"Igi igbó! Níwájú ọ́fíìsì mi! Mínísítà á dé, igi tí kò ní ẹ̀kọ́ ló máa kọ́kọ́ pàdé! Ẹ gé e!"

Ibí yìí ni Igbákejì ti dìde. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn igi o. Abẹ́ igi náà ló ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí kí ìjókòó má baà gbóná. Ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó mi orí kó tó sọ̀rọ̀.

"Sà, òótọ́ lẹ sọ, ká gé e. Ṣùgbọ́n kí a tó gé e, sà, ẹ wò ó dáadáa. Ó ga ju gbogbo ohun tó yí i ká lọ. Orí rẹ̀ funfun bí orí ọlọgbọ́n. Àwọn oyin yẹn ń yí i ká bí àwa ṣe ń yí yín ká. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sà, kí n má parọ́ fún yín, bí mo bá wo igi yẹn, ẹ̀yin ni mò ń rí."

Ọ̀gá Pátápátá wo igi náà. Ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ó na apá ọ̀tún bí ẹ̀ka, ó na ti òsì. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ má gé mi," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn, Ẹ̀gbọ́n Ewúro di Igi Ọ̀gá Pátápátá. Ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ ṣí fìlà, kó ní, "Ẹ kú ìdúró, sà." Bí ọ̀gá ò bá sí ní ọ́fíìsì, ìdí igi ni wọ́n á gbé fáìlì tó nílò ìpinnu lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ kan jẹ́rìí pé igi ń tètè dáhùn ju ẹni tó ni orúkọ lọ.

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ wá wo ara rẹ̀. Ó bá Ìyá Aránṣọ lórí ẹ̀rọ.

"Ìyá, ta ló ní kí ẹ jókòó lábẹ́ mi?"

Ìyá Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Lábẹ́ yín kẹ̀, ọ̀gá? Abẹ́ igi ni mo wà."

"Èmi ni igi náà."

Ìyá wo igi. Ó wo ọ̀gá. Ó tún wo igi. "Ẹ kú ìdúró, sà," ló wí, nítorí pé wọ́n tọ́ ọ dáadáa nílé wọn.

"Ẹ kó ẹrù yín. Òjìji mi, àwọn èèyàn pàtàkì ló wà fún."

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Ojú mi ò ríran nínú yàrá mọ́. Bí mo bá kúrò níbi ìmọ́lẹ̀ yìí, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Èmi ò mọ nǹkan mìíràn ju abẹ́rẹ́ lọ."

Ọ̀gá ti fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n kóòtù rẹ̀ há mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Bí Ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà ya, ọgbọ́n kan wọ ọ̀gá lórí. Èmi ni mo pè é ní ọgbọ́n o.

"Ẹ mọ kóòtù rán?"

"Mo mọ̀ ọ́n rán, sà."

"Ẹ rán irú èyí fún igi. Ọjọ́ tí Mínísítà bá dé, a ó fa okùn, kóòtù á ṣí, òdòdó mi á yọ ní gbangba, ayé á pàtẹ́wọ́."

"Fún igi." Ìyá fa téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn. "Ọ̀gá, ibo ni n ó ti wọn èjìká rẹ̀?"

"Iṣẹ́ yín nìyẹn."

"Bí ó bá dára, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n dúró síbí?"

"Bí ó bá dára, n ó rò ó."

Ọ̀rọ̀ aṣọ dé. Àrán pupa tó lè bo igi kò sí ní ọjà. Ọ̀gá ní kí wọ́n ká gbogbo kọ́tìnnì ọ́fíìsì, pupa kúkú ni wọ́n. Láti ọjọ́ náà, oòrùn ń wọlé fàlàlà. Akọ̀wé ń fi fáìlì bojú tẹ̀wé. Ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ tábìlì rẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ rò pé ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyá Aránṣọ rán aṣọ náà, ó sì rán an dáadáa. Ó ṣe apá fún ẹ̀ka ńlá méjèèjì, ó ṣe kọ́là, ó gbé bọ́tìnnì tó fẹ̀ bí àwo sí i láyà. Wọ́n gbé àkàbà, wọ́n fi aṣọ bo Ẹ̀gbọ́n Ewúro láti orí dé ìdí, wọ́n fi okùn kan dì í pinpin ní ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá Pátápátá dúró níwájú rẹ̀. "Ó bá mi mu."

"Ẹ sanra díẹ̀ nínú rẹ̀, sà, ó yẹ yín," ni Igbákejì wí.

Ìyá Aránṣọ sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ibi tí mo wà ńkọ́?"

"Mo rò ó. Ó dára ju ohun tí wọ́n ń da àgékù aṣọ sí lábẹ́ lọ. Ọjọ́ tí Mínísítà bá lọ tán, kí ẹ̀yin náà máa lọ."

Ìyá ká téèpù rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wọlé tán, ó sọ fún Baba Géètì pé, "Mo ti fi ọwọ́ ara mi rán aṣọ ìdágbére mi."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá," ni Baba Géètì wí. "Ọlọ́run tó gbin igi ò tíì kó lọ."

Mínísítà ò dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Wọ́n tún sún un. Ọ̀gbẹlẹ̀ ń jinlẹ̀ sí i, oyin ti lọ wá ibòmíràn, nínú kóòtù náà, òdòdó sì ń ṣe ohun tó máa ń ṣe lọ́dọọdún láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ọmọdé mọ̀. Ọ̀gá alára mọ̀, nítorí pé ọdọọdún lòun náà ń sín. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi ìpàdé pé, "Sà, òdòdó yẹn, ní àsìkò yìí, ó máa ń..."

"Ó máa ń kí ni?"

"Ó máa ń... lẹ́wà, sà."

"Igi tó ń jẹ́ orúkọ mi ò ní hùwà bí igi lásán. Mo pàṣẹ: òdòdó yẹn ò gbọ́dọ̀ gbó kí Mínísítà tó dé. Igbákejì, lọ jíṣẹ́ fún un."

Igbákejì lọ. Ó dúró níwájú igi, ó ṣí fìlà, ó jíṣẹ́, ó mi orí, ó padà. "Igi ní òun gbọ́, sà. Ó ní kí n kí yín."

Àmọ́ kóòtù ń wú. Lójoojúmọ́ ló ń wú. Apá rẹ̀ tó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ tẹ́lẹ̀ ti le bí ìrọ̀rí. Bọ́tìnnì àyà ń fà.

"Ìyá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún nínú aṣọ yẹn?" ni Baba Géètì sọ kẹ́lẹ́. "Bí ẹni tó jẹun yó tó ń wá ibi tó máa gbé e sí."

Ìyá Aránṣọ ò lè mú un mọ́ra, ó lọ bá ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n tú bọ́tìnnì kan fún un kó lè mí."

"Ẹ fẹ́ tú mi síhòòhò kí àlejò mi tó dé?"

"Ó ń wú ni, sà."

"Ó ń sanra ni! Ìyàtọ̀ wà."

"Ipò ló ń bá a lára mu, sà," ni Igbákejì fi kún un.

Ìyá Aránṣọ kí igi ẹ kú ìdúró, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ pé. Ní àárọ̀ náà, Ìyá Aránṣọ ti fi okùn di ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti yí tábìlì délẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de ẹni tó máa bá a fi ọmọlanke kó o. Lórí pápá iwájú ọ́fíìsì, àga ti tò. Gbogbo òṣìṣẹ́ tò ní ipò ní ipò, Igbákejì níwájú, agbálẹ̀ àti Baba Géètì lẹ́yìn. Obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Baba Géètì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, à ń retí Mínísítà."

"Èmi náà ń retí rẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ jókòó sí àga Mínísítà. Baba Géètì di orí mú.

Ọ̀gá Pátápátá gun orí pèpéle. Ó gbá máìkì mú bí ẹni tó fẹ́ fún ọsàn.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n! Nígbà tí a dá ayé, igi wà, ṣùgbọ́n igi ò ní ọ̀gá! Òdòdó wà, ṣùgbọ́n òdòdó ò mọ ẹni tó ń tàn fún! Koríko ń hù, ṣùgbọ́n bí àgùtàn tí kò ní olùṣọ́! Ta ló wá? Mo ní, ta ló wá?"

"Ẹ̀yin ni, sà!" ni gbogbo òṣìṣẹ́ kígbe.

"Ẹ wo igi yìí! Gíga rẹ̀, gíga mi! Kóòtù rẹ̀, kóòtù mi! Ohun tó wà nínú rẹ̀, òun ló wà nínú mi! Ẹ fa okùn!"

Wọ́n fa okùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kóòtù náà ò ṣí, ńṣe ló bú. Bọ́tìnnì fò kọjá lórí Akọ̀wé. Gbogbo òwú tí igi ì bá fi sùúrù fún atẹ́gùn ní díẹ̀díẹ̀, ó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó funfun, ó nípọn, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tó wà níwájú ò rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Pátápátá ti la ẹnu láti pe "Èmi." Òwú wọlé.

Nígbà tí ojú là díẹ̀, ohun funfun gbọọrọ kan ló dúró lórí pèpéle, bí òwú bá ti kan àrán, kì í fi í sílẹ̀ mọ́. Ó sín.

Igbákejì dìde. Òwú bò ó dé ìpéǹpéjú, ṣùgbọ́n ó mọ òfin. "Ẹ̀mí yín á gùn ju kóòtù yín lọ, sà!"

Akọ̀wé dìde. "Ẹ ò ní rí ibi, sà!"

Ẹni kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nígbà tí ọ̀gá tún sín. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀mí yín á gùn ju... ju ọ̀nà ọkọ̀ lọ, sà!"

Ó tún sín.

"Ju okùn yìí lọ, sà!"

Ní gbogbo ìgbà yìí, Mínísítà ń húkọ́. Òun náà sín, ó sín dáadáa, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́," ló ń bi Igbákejì, "níbo ni mo ti lè rí omi?" Igbákejì gbọ́. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó gbọ́. Ó tọ́ka sí ẹnu ara rẹ̀, ó mi orí, omi ń dà lójú rẹ̀, nítorí pé àdúrà ò tíì yí ká, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ na ọwọ́ láti pàṣẹ, "Ẹ fún wọn ní... ẹ fún wọn ní..." ó sì sín, ohun tí wọ́n sì fún un ni àdúrà.

Ìyá Aránṣọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó dìde, ó bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó mú aṣọ yúnífọ́ọ̀mù kan tí kò tíì gé, ó gba àárín òwú kọjá, ó di Mínísítà lọ́wọ́ mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ wá jókòó síbí. Ẹ nu ojú. Ẹ má fi ọwọ́ ra á."

Mínísítà mu omi, ó nu ojú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n jọ ń wo pápá.

"Ìyá, kí ni wọ́n ń ṣe yẹn?"

"Wọ́n ń gbàdúrà ni."

"Fún ìlú?"

"Fún imú ọ̀gá."

Mínísítà bo ẹnu. "Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"Ìgbà tó bá ti sín ni. Tọ̀tẹ̀ yìí pọ̀ díẹ̀, òdòdó ló fà á."

"Èmi náà sín. Ẹnikẹ́ni ò kí mi."

"Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ ṣeun." Ó wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi okùn dì. "Ibo lẹ̀yin ń lọ?"

Ìyá Aránṣọ sọ ọ́ fún un, kò fi iyọ̀ sí i. Ó sọ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, ó sọ bí ọ̀gá ṣe di igi. Nígbà tó sọ ibi tí wọ́n ti ń kí igi ní ẹ kú ìdúró, Mínísítà ní kó tún un sọ.

Lẹ́yìn náà, Mínísítà dìde, ó lọ sídìí pèpéle. "Ọ̀gá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ọlọ́run ló gbin èyí. Èwo lẹ̀yin gbìn?"

Ọ̀gá Pátápátá la ẹnu. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti gbapò, mo rò pé òótọ́ ló fẹ́ sọ. Ó sín.

"Ẹ̀mí yín á gùn..." ni Igbákejì bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí àdúrà wọn," ni Mínísítà wí fún awakọ̀ rẹ̀. Ó yí sí Ìyá Aránṣọ. "Ẹ tú okùn ẹ̀rọ yín, Mà. Ẹ ò lọ síbì kankan." Ó kí Baba Géètì, ó wọkọ̀, ó lọ. Òwú tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé oríta.

Kò pẹ́ tí àṣẹ dé. Wọn ò lé Ọ̀gá Pátápátá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ojú àánú ṣì wà láyé. Wọ́n ní kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi nínú ike, kó máa bomi rin wọ́n. Oyè rẹ̀ tuntun ò gba èémí kan tán: Olùtọ́jú. Ní ọjọ́ tó ń kó ẹrù, ó sín lójú ọ̀nà ọ́fíìsì. Igbákejì wà níbẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní òun ń gbọ́ tí wọ́n ń pe òun nínú ilé. Ẹni tó gbapò tuntun ti dé kẹ̀. Igbákejì lọ sọ fún un pé ó ga bí igi, onítọ̀hún sì ní kó lọ jókòó.

Wọ́n tú kóòtù igi, wọ́n tún fi ṣe kọ́tìnnì. Títí di òní, kọ́tìnnì fèrèsé Akọ̀wé ṣì ní apá kóòtù kan lára.

Nígbà tí òjò dé, ọmọ Ẹ̀gbọ́n Ewúro ń hù níbi gbogbo: nínú gọ́tà, lẹ́bàá ògiri, nínú táyà àlòkù. Olùtọ́jú ń wá wú wọn lọ gbìn nínú ike. Ó ti fọn díẹ̀, oòrùn ti kàn án lára, ó sì ń rìn kánkán. Lọ́jọ́ kan, ó yà sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ, ó gbé ẹrù kan há abíyá.

"Ọ̀gá, ẹ ò ní kí ara yín?" ni Baba Géètì ké láti ẹnu ọ̀nà, ó ń tọ́ka sí igi.

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè wo Ẹ̀gbọ́n Ewúro. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "A ti kíra nílé," ló wí. Ó tú ẹrù rẹ̀. Kóòtù àrán ni. "Ìyá, ẹ bá mi gé e. Ó ń kó ẹ̀gún lóko."

"Ibo ni kó mọ?"

"Ibi tí mi ò ti ní máa tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ìyá Aránṣọ ní kó gbé e wọ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ méjì há ẹnu, ó kúnlẹ̀, ó ń ká ìsàlẹ̀ aṣọ náà sókè, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ewé bọ́ sí i lọ́wọ́. Eruku àrán gbéra. Ọkùnrin náà sín.

Ó dúró. Ó dúró gan-an, bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ti ń retí. Ìyá fi abẹ́rẹ́ kan mú etí aṣọ, ó fi èkejì mú un, ẹnu rẹ̀ wá ṣófo.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí. "Ẹ na apá."

Ó na apá.